Ohun tí receipt.pdf kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, iṣẹ́ tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni kóòdù tí yóò máa ṣa fáìlì inú fódà Downloads, tí yóò sì máa kó wọn sí àyè wọn: PDF síbi ìwé, JPG síbi àwòrán, MP3 síbi orin. Kò gba ju nǹkan bí ogún ìlà lọ. Ọjọ́ kan náà ló ń ṣiṣẹ́, inú ẹni a sì dùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò nílé, Ubuntu, tó jẹ́ oríṣi Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. Mo kọ kóòdù tèmi, mo ní kí cron, ètò tó ń ṣí kóòdù fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a bá dá fún un, máa ṣí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Downloads fi mọ́ tónítóní. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ní kí àbúrò mi obìnrin mú rìsíìtì owó ilé-ìwé sáà kìíní wá kó tó lè ṣèdánwò. A ṣí fódà ìwé. Rìsíìtì kan péré ló wà níbẹ̀, ti sáà kejì ni.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. Orúkọ kan náà, receipt.pdf, ni portal ilé-ìwé náà ń fún gbogbo rìsíìtì. Bí ẹ bá gba fáìlì méjì tó jórúkọ wálẹ̀, Chrome tàbí Firefox yóò fi (1) sára ìkejì kí wọ́n má baà dà pọ̀. Ṣùgbọ́n inú fódà tí fáìlì ń bọ́ sí nìkan ló ń wò. Kóòdù mi ti gbé ti àkọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, nítorí náà ìkejì kò bá ẹnikẹ́ni jórúkọ nígbà tó dé, kò sì gba (1). Kóòdù wá gbé e lọ síbi ìwé, ó sì fi í rọ́pò ti àkọ́kọ́. Lórí Linux, os.rename, àṣẹ Python tí mo fi ń gbé fáìlì, kì í béèrè, kì í kìlọ̀. Lórí Windows, ó máa ń kọ̀, á fi FileExistsError hàn yín.

Ọjọ́ méjì ni àbúrò mi fi ń bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì bọ́sà. Ó dùn mí gan-an, nítorí èmi ni mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Láti ìgbà náà, kí kóòdù mi tó gbé ohunkóhun, ó ń fi exists() wò bóyá fáìlì kan ti ń jẹ́ orúkọ yẹn níbi tó ń lọ. Bó bá rí i, á fi ọjọ́ àti aago kún un. Ó sì ń kọ gbogbo ohun tó gbé sílẹ̀, ibi tó ti mú un àti ibi tó gbé e sí. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tiyín, ẹ jẹ́ kó máa kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ lásán fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má tíì gbé nǹkan kan.

Fáìlì tí kò tíì wálẹ̀ tán ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó fo .crdownload ti Chrome àti .part ti Firefox, kó sì fo èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo.

Èyí tó tún gba àkókò mi ni orúkọ Yorùbá. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ní kí fáìlì tí “ẹ̀kọ́” bá wà lórúkọ rẹ̀ máa lọ sí fódà wọn. Àwọn kan lọ, àwọn kan kò lọ, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, lẹ́tà “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n “ẹ̀” tó ní àmì ohùn kò ní. Ẹnìkan lè tẹ “ẹ” kó tó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn lè tẹ “è” kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo fi unicodedata.normalize sọ orúkọ fáìlì àti ọ̀rọ̀ tí mò ń wá di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, kí n tó fi wọ́n wé ara wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fáìlì mọ́kànlá tó ti ń rọ́ sílẹ̀ ní Downloads wọ fódà ìyá mi lẹ́ẹ̀kan náà.