Rosso ni àbí Diama? Àyẹ̀wò ọdún mi

Ọdún ti ń kógbá sílé. Mo dúpẹ́ pé ara le, iṣẹ́ ò dúró, àwọn ọmọ sì ń ṣe dáadáa nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí ọdún yìí fi kún mi, Adventure Overland Show ni màá mú, ìpàtẹ àwọn tó ń wa ọkọ̀ la ilẹ̀ jíjìn kọjá, ní pápá eré ẹṣin Stratford-upon-Avon. Ọkọ̀ ológun àtijọ́ wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di yàrá wà níbẹ̀, alùpùpù tí ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹni tó gùn ún náà wà níbẹ̀. Ọjà pọ̀, mi ò bá ọjà pẹ́. Àwọn èèyàn ni mo bá lọ.

Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n wa ọkọ̀ láti Birmingham dé Ìbàdàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a ní ìwà òyìnbó ni. Mo máa ń rán wọn létí Ọlábísí Àjàlá, tó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952. Kúnlé Adéyànjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wọ Èkó ní 2022, nítorí ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Pẹ̀lúmi Nubi wá dá wa Peugeot 107 kékeré, ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù kìíní 2024, ó wọ Èkó ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin. Orí mi máa ń wú tí mo bá ń ka orúkọ wọn. Àmọ́ mi ò ní ẹni tí mo lè jókòó tì, kí n bi í pé níbo lèèyàn ń sùn lálẹ́ ọjọ́ tó bá kúrò ní Dakhla, ìlú etí òkun ní aṣálẹ̀ tó wà lábẹ́ Mòrókò.

Tọkọtaya àgbà kan láti Wales pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n ti gba etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa Land Rover wọn dé ọ̀dọ̀ wa rí, wọ́n sì sùn ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo sọ pé Ìbàdàn ni mo fẹ́ wakọ̀ lọ, ohun tí mò ń retí ni pé wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mi ò wọ bàálù. Màmá yìí ò bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Rosso lo máa gbà wọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni, àbí Diama?” Ibodè méjì láàárín Mauritáníà àti Sẹ̀nẹ̀gàl nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mi ò tètè rí èsì fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà gbà wá di òru. Ní Rosso, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé mọ́tò sọdá odò Senegal, àwọn tó ń bá èèyàn tún ìwé ṣe fún owó ò sì ní jẹ́ kó mí. Ní Diama, orí ìsédò ni wọ́n ń gbà. Ara máa ń tuni níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ojú ọ̀nà inú ọgbà ẹranko Diawling tó lọ síbẹ̀ a máa di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Ṣáájú ìyẹn ni Guerguerat, láàárín ibodè Mòrókò àti ti Mauritáníà, níbi tí èèyàn ò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà nítorí àdó olóró tí wọ́n rì mọ́ iyanrìn. Wọ́n fi carnet wọn hàn mí, ìwé tó ń ṣe onídùúró pé o ò ní ta ọkọ̀ rẹ sí ìlú onílùú. Aṣọ́bodè á lù ú lóǹtẹ̀ bó o bá wọlé, á tún lù ú bó o bá ń jáde. Èmi náà sọ fún wọn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, Mauritáníà ti ní kéèyàn gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dé ibodè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń dín ẹyin lọ́wọ́ ni mo gbọ́ “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o.” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Leicester ni, ó ti gbọ́ tí mò ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ wa tírélà láti Èkó lọ sí Abidjan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó pè wọ́n lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe kí wọn tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ibodè náà lẹ́sẹẹsẹ, Sèmè, Hillacondji, Aflao, Elubo, bí ẹni ń ki oríkì ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bílẹ̀ bá ti ń ṣú, má dé ibodè o. Sùn sí Kútọnu, kí o jí dé Sèmè.” Wọ́n ní kí n má gbàgbé Brown Card, ìwé ìbánigbófò tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS jọ ń lò. Bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, bàbá ará Wales mú bírò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé wa, tí ẹnì kankan ò tíì gbé máíkì fún rí. Àwọn ìyá wa tó ń kó aṣọ gba Lòmẹ́ náà ńkọ́? Àwọn ni ọ̀gá ojú ọ̀nà yìí, ó sì ń dùn mí pé wọ́n ń dàgbà, a ò sì bi wọ́n léèrè.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi àti ọmọkùnrin ará Leicester yẹn máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Algeciras ní Sípéènì lọ sí Tanger Med ní Mòrókò, a máa wakọ̀ dé Dakhla, a ó sì padà. Mòrókò ò béèrè carnet, owó onídùúró ò sì tíì pé lọ́wọ́ mi. Kó tó dìgbà náà, mò ń gba ohùn bàbá rẹ̀ sílẹ̀, a ti sọ̀rọ̀ dé Aflao. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ti wakọ̀ tàbí kó ọjà lójú ọ̀nà yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, èmi ni màá sì pè wọ́n.