Ìrìnàjò Mi sí Ìlú Green Room

Àwo orin kan ló gbé mi dé Huntington Beach, ìlú etí òkun kan ní California. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles ló yá mi ní àwo Green Room Serenade tí ẹgbẹ́ Lost Dogs gbé jáde ní 1996, òun náà ló sì là mí lọ́yẹ̀ pé Green Room tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ jẹ́ ibi tí Gene Eugene, ọ̀kan nínú àwọn akọrin mẹ́rin náà, ti ń gba orin rọ́ọ̀kì àwọn onígbàgbọ́ sílẹ̀, nínú ilé tí ó ń gbé ní Huntington Beach.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Long Beach, mo sì wọ bọ́ọ̀sì tí ń tọ etí òkun. Oorun gbé mi lọ, ìgbà tí mo sì máa lajú, a ti kọjá ìlú tí mo ń lọ, a ti wọ Newport Beach. N kò kábàámọ̀ rẹ̀ púpọ̀, nítorí Costa Mesa kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí Chuck Smith ti di pásítọ̀ Calvary Chapel ní 1965, tí ó sì gba àwọn híípì, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn tí kì í wọ bàtà, láyè láti máa ta jìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni Maranatha!, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin àwọn onígbàgbọ́ jáde, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1971.

Ní Huntington Beach, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn ẹ̀rọ tí ń fa epo rọ̀bì nílẹ̀ láàárín ilé àwọn ènìyàn. Mo dúró wo ọ̀kan lẹ́yìn ọgbà onírin: ó ń mi orí bí alángbá, ó sì ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Kánádà ni wọ́n bí Gene Eugene sí ní 1961, ó sì ti ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà èwe kí ó tó di olórí ẹgbẹ́ Adam Again. Òun àti Ojo Taylor ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ àwo orin Brainstorm sílẹ̀. (Ẹni tí a bá ń pè ní Òjó nílé wa gbọ́dọ̀ gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, òyìnbó ni èyí, ìnagijẹ rẹ̀ sì ni.) Starflyer 59 wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó bá Gene ṣiṣẹ́.

Sítúdíò ńlá a máa ka wákàtí sí akọrin lọ́rùn, ṣùgbọ́n nínú ilé, ènìyàn lè tún ẹsẹ orin kan kọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ariwo ni ìṣòro ibẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin wa ń gba orin sílẹ̀ ní yàrá kan ní Ìbàdàn, tìmùtìmù ibùsùn la fi dí fèrèsé, síbẹ̀ a ní láti dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dákẹ́ kí a tó tẹ bọ́tìnnì.

Inú Green Room náà ni Gene kú sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọdún 2000, ní ẹni ọdún 38. Mo rìn láàárín àdúgbò fún bíi wákàtí kan, ṣùgbọ́n n kò béèrè ojúlé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ báyìí kò ránṣẹ́ pè mí. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá padà, mo ki ohun ìgbọ́rin bọ etí, mo sì tẹ́tí sí àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá n ó gbọ́ ajá tí ń gbó tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí lẹ́yìn orin. Jìtá, ìlù àti ohùn ènìyàn mẹ́rin nìkan ni mo gbọ́.