Ajá Lábẹ́ Tábìlì, Fótò Lórí Tábìlì

Sátidé, ìdájí

Ilé ò tíì jí, ajá ti jí. Èékánná rẹ̀ ń dún lórí ilẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, títí dé ẹnu ọ̀nà, ó wá dúró. Ẹni tó bá ti gba ajá àgbàtọ́ sílé rí mọ̀ pé ìdúró yẹn tóbi. Ó ti mọ ibi tí ìta wà, ó sì ti gbà pé ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn fún òun. Ajá tí ojú ẹ̀ ti rí màbo kì í sábà dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń tọ́jú irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ń ṣírò rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta: ọjọ́ 3 kí ìjayà tó rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 kó tó mọ ètò ilé, oṣù 3 kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Kì í ṣe òfin, àwọn mìíràn á lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní ìṣirò yìí ni pé kì í jẹ́ ká tètè dá ajá lẹ́jọ́. Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, tí gbogbo èèyàn ń yìn pé ó mà ní sùúrù o, ó lè jẹ́ ẹ̀rù ló pa á lẹ́nu mọ́. Ìwà rẹ̀ gan-an ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìgbà mẹ́ta la gbọ́dọ̀ mú un jáde láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wá: tó bá jí, tó bá jẹun tán, tó bá ṣeré tán. Ẹnu ọ̀nà kan náà, ibì kan náà. Bó bá ti tọ̀ tán, kí ìyìn tàbí ìpápánu kékeré dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó dúró dìgbà tí wọ́n bá wọlé kó tó fún un ní nǹkan, ìwọlé ló sanwó fún, kì í ṣe ìtọ̀. Bó bá sì tọ̀ sínú ilé, ẹ má fi imú rẹ̀ ra á. Ẹ̀kọ́ tó máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn àga ló dáa láti máa tọ̀ sí, níbi tí ẹ ò ti ní rí òun. Ohun ìfọlẹ̀ tó ní ẹnsáìmù, èròjà tó ń tú ìdọ̀tí ká, ló ń pa òórùn náà tán. Èyí tó ní amóníà máa ń rùn bí ìtọ̀ sí imú ajá, ó sì lè padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìyálẹ̀ta

Oúnjẹ. Bí a bá fẹ́ pa oúnjẹ rẹ̀ dà, ọjọ́ 7 ni ká fi ṣe é: ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ ti àtijọ́, ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ìlàjì-ìlàjì, ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ló kù fún ti àtijọ́, ọjọ́ keje, tuntun nìkan. Ẹni tó bá yí i padà lójijì, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò máa nù kiri ilé. Ṣokoléètì, àlùbọ́sà, aáyù, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, májèlé ni fún ajá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol dùn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí. Ó lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ kí wákàtí kan tó pé.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ayọ̀ àárọ̀ máa ń wá, nígbà tí ajá bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tọ èèyàn wá. A kì í lọ bá a. Ńṣe ni a ó jókòó sílẹ̀, a ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, a ò ní tẹjú mọ́ ọn, ọwọ́ á wà nísàlẹ̀. Bó bá gbóòórùn ọwọ́ náà tó sì fara ti ẹsẹ̀ wa, ká rọra họ àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Kì í ṣe àtàrí o. Ọwọ́ tó ń ti òkè bọ̀ lè dà bí ọwọ́ tó fẹ́ gbáni. Ká kà dé mẹ́ta, ká gbọ́wọ́ kúrò, ká máa wò ó. Bó bá fi imú ta ọwọ́ náà sókè, ó ń sọ pé ó kù. Bó bá yíjú, tó gbọn ara rẹ̀ bí ẹni tí omi ta sí, ó ti tó nìyẹn.

Ìrù tó ń mì nìkan kọ́ là ń wò. Ìrù tó dúró gbọnrangandan, tó ń gbọ̀n wìrìwìrì, tí ara sì le bí igi, ìkìlọ̀ ni. Èyí tó ń gbé gbogbo ìdí lọ, gbé e bọ̀, tí ara rọ̀, ayọ̀ nìyẹn. Bó bá ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, bó bá ń lá ètè nígbà tí kò sóúnjẹ, bí funfun ojú rẹ̀ bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara ń ni ín, ẹ jìnnà díẹ̀. Bó bá kùn, ẹ má lù ú. Ajá tí wọ́n bá lù nítorí kíkùn lè fi kíkùn sílẹ̀, kó máa buni jẹ láìkìlọ̀.

Eégbọn kan lẹ́yìn etí? Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ jù lọ, kí ẹ fà á sókè tààrà, wẹ́rẹ́. Kò sí lílọ́, kò sí kẹrosíìnì, kò sí iná.

Ọ̀sán

Ajá ti sùn sábẹ́ tábìlì. Ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí fótò ilé báyìí. Ìmọ́lẹ̀ wà, ajá tó ń sùn kò sì ní fi ìrù gbá nǹkan kan dànù.

Ajá àgbàtọ́ gbé ìtàn wọlé tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Àpá lẹ́yìn etí, bó ṣe ń sá bí wọ́n bá gbé ìgbálẹ̀, gbogbo ìwé tó kó wá nìyẹn. Fótò àtijọ́ náà ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ti fótò, ẹnì kan ṣì wà láyé tó lè bá a sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la.

Ká fọwọ́, ká nù ún gbẹ dáadáa, ká máa fi etí fótò gbé e, torí òógùn ọwọ́ máa ń fi àmì sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn fótò la kọ́kọ́ ń kà: òǹtẹ̀ ayàwòrán, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe pépà náà, ìkọ̀wé ẹni tó ti lọ. Bí a bá máa kọ nǹkan síbẹ̀, pẹ́ńsù rírọ̀ bíi 2B ni, ká rọra kọ ọ́ sétí, lórí ibi tó le tó sì tẹ́jú. Báírò ń tẹ ihò tó máa hàn lójú fótò, yíǹkì rẹ̀ sì máa ń ràn mọ́ fótò tó bá wà nísàlẹ̀. Tí ẹ̀yìn fótò bá ń dán bí ọ̀rá, pẹ́ńsù ò ní mú un. Nígbà náà, ká kọ ọ́ sára àpò ìwé tí a máa fi í sí, ká sì kọ ọ́ tán kí fótò tó wọnú rẹ̀.

Kí la ń kọ? Orúkọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ láti òsì sí ọ̀tún, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọdún, àti ẹni tó sọ ọ́ fún wa. “Màmá” kì í ṣe orúkọ. Nígbà tó bá fi máa di ọgbọ̀n ọdún sí i, ta ni yóò mọ màmá ta ni? Obìnrin tó ti lọ́kọ, ẹ kọ orúkọ bàbá tó bí i mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìdílé ìyá á sọnù bọnnu. Tí ọdún bá jẹ́ àbá lásán, ẹ fi “bíi” síwájú rẹ̀, “bíi 1968”, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa fi àbá ṣe òótọ́. Tí kò bá sí ohunkóhun tí a lè dì mú, ẹ wá ọmọ ọwọ́ nínú fótò náà. Àgbàlagbà lè dúró bákan náà fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lè jókòó kò tíì pé ọdún kan. Bí a bá ti mọ ọdún tí wọ́n bí i, a ti mú ọdún fótò nìyẹn.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni álíbọ́ọ̀mù tó ní àtè lójú ewé, tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Àtè náà ń pọ́n, ó ń le, ẹni tó bá sì fagbára ṣí i á fa fótò ya. Ya àwòrán gbogbo ewé náà bó ṣe wà ná. Lẹ́yìn náà ni kí o ki òwú ìfọyín sábẹ́ igun kan, kí o máa fà á bọ̀ fà á lọ bí ẹni fi ayùn la pákó, díẹ̀díẹ̀. Fótò tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ fi sílẹ̀. Gelatin, ohun tó ń lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù bí omi bá kàn án, ló wà lójú rẹ̀, ọ̀rinrin ló rọ̀ ọ́ tó fi mú gíláàsì, bí a bá fà á, ojú ẹni inú rẹ̀ ló máa kù sára gíláàsì. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti ojú gíláàsì bẹ́ẹ̀.

Sikánà: 600 dpi (iye àmì nínú ínṣì kan) fún fótò kékeré, 300 ti tó fún ńlá. TIFF (fáìlì ńlá tí kì í dín àwòrán kù) fún ìpamọ́, JPEG (èyí tó fúyẹ́) fún ẹbí. Bó bá jẹ́ fóònù nìkan la ní, ká lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ò ta sí, ká pa fíláàṣì, kí fóònù wà lókè fótò gbọọrọ láìfì sápá kan. WhatsApp ń fún àwòrán pọ̀, nítorí náà ká fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé náà.

Ìrọ̀lẹ́

Fótò mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó láti gbé lọ bá àgbà. Gbogbo àpótí á rẹ̀ wọ́n. “Mà, ẹ sọ ìtàn ìgbésí ayé yín fún wa” kì í mú nǹkan wá ju “ìtàn wo?” lọ. Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn ni ìbéèrè kékeré: Ta ló jókòó sápá ọ̀tún yín yìí, mà? Ta lẹ jọ ń sùn ní yàrá? Ìró kí lẹ kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tẹ́ ẹ bá jí?

Ká tọrọ àyè kí a tó gba ohùn wọn sílẹ̀, ká sì bèèrè ohun tí kò gbọdọ̀ jáde. Fóònù á wà lórí aṣọ kíká, bí ìwọ̀n apá kan sí wọn, lórí ètò ọkọ̀ òfuurufú (airplane mode) kí ìpè má bàa já a. Fáánù á kú. Ká dán an wò fún ìṣẹ́jú kan, ká gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ká sọ ọjọ́ àti orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó. Wọ́n á dákẹ́ nígbà míì. Ẹ ka mẹ́wàá lọ́kàn kí ẹ tó bèèrè òmíràn, nítorí ẹ̀yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lọ̀rọ̀ gidi máa ń jáde. Bí ọdún tí wọ́n dá bá yàtọ̀ sí ti àbúrò wọn, ẹ má tún un ṣe lójú wọn. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ìṣẹ́jú 45, ó parí. (Àgbà tó bá ń bẹ̀rù ajá, kí ajá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú nǹkan tó lè máa jẹ lẹ́nu. Ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kò lè rántí nǹkan.)

Òru

Ajá ti nà gbalaja. Ẹ wo ìhà rẹ̀: ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, èémí kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Láàárín 15 sí 30 ló dáa fún ajá tó sùn wọra. Bó bá ń kọjá 30 lálẹ́ tẹ̀ léra, dọ́kítà ẹran gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń sáré lójú oorun, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìlà kan ti tó nínú ìwé ojoojúmọ́: èémí 18, fótò mẹ́rin ti lórúkọ, ìkarùn-ún, obìnrin kan ní ìparí ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ajá kan, orúkọ àwọn méjèèjì ò tíì yé wa.