Ìbẹ́pẹ tí fáírọ́ọ̀sì ò rí gbé ṣe

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ Hawaii yìí ò kúrò lọ́kàn mi rárá. Ọdún 1992 ni wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tó ń ba ìbẹ́pẹ jẹ́ ní Puna, àgbègbè kan ní Hawaii, ewé á pọ́n rúsúrúsú, á kájọ, òrùka róbótó-róbótó á wá yọ sára èso, kòkòrò tíntìntín tó ń fa oje ewé mu ló ń gbé e kiri, kò sì lóògùn. Dennis Gonsalves, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa àrùn ewéko, àtàwọn èèyàn ẹ̀ wá mú jíìnì (ìyẹn ìtọ́ni inú ohun abẹ̀mí) tó ń ṣe èèpo fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún fúnra ẹ̀, wọ́n fi sínú ìbẹ́pẹ. Ibi tó wú mi lórí nìyẹn o! Igi náà á ti dá ọ̀tá mọ̀, tó bá ti wọlé báyìí á gé RNA ẹ̀, ìyẹn ìtọ́ni tí fáírọ́ọ̀sì fi ń bí sí i, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. 1998 làwọn àgbẹ̀ gba irúgbìn ìbẹ́pẹ tuntun yìí, tí wọ́n pè ní Rainbow, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fún wọn.