Wọn Ò Gbà Mí Padà, Ẹ̀tọ́ Mi Ńkọ́?

Nígbà tí fúláwà gbówó lórí, mánéjà ilé búrẹ́dì tá a ti ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà níbí ní ká ṣì máa lọ sílé, pé tí nǹkan bá rọjú, àwọn á pè wá. Nǹkan ti rọjú. Àwọn ọmọ tuntun ló wà nídìí ààrò báyìí. Èmi tí mo mọ ìró tí ẹ̀rọ tó ń po fúláwà máa ń ṣe kó tó kọṣẹ́, wọ́n ní kò sáyè. Ó dùn mí wọra, torí ọmọ Obòkun bíi tèmi ni mánéjà náà.

Mo lọ bá lọ́yà kan nítòsí Ọjà Àtakúmọ̀sà. Ó ní níṣẹ́ aládàáni, ilé ẹjọ́ kì í sábà fi tipá dá òṣìṣẹ́ padà sọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó wá bi mí pé, "Mà, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ, kí ni wọ́n kó lé yín lọ́wọ́?" Mo ní kò sí. Ó ní ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, sọ pé ẹni tó bá ti lo ọdún 5 sókè lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù 1 lákọsílẹ̀, tàbí owó oṣù náà dípò rẹ̀. Ẹni tó lo ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2 ni tirẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n bá mọṣẹ́ dọ́gba. Àwa àgbà iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká lọ, torí owó tiwa ló pọ̀ jù!

Ti pẹ́ńṣàn ló bí mi nínú jù. Ìdá 8 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lára owó mi, ìdá 10 ló yẹ kí ọ̀gá fi kún un. Mo yẹ àkáùǹtì pẹ́ńṣàn mi wò, èyí tí wọ́n yọ lọ́wọ́ mi gan-an kò dé ibẹ̀. Owó òógùn mi ni!

Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn: owó nótíìsì, owó pẹ́ńṣàn, àti ìwé tó sọ iye ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà méjì ni mo kọ, akọ̀wé wọn sì buwọ́ lu èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Bí wọn ò bá dáhùn, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, ló kàn. Legal Aid Council sì wà fún ẹni tí kò rówó san fún lọ́yà.

Ẹ̀yin tá a jọ kúrò níbẹ̀, ẹ yẹ àkáùǹtì pẹ́ńṣàn yín wò, kẹ́ ẹ sì pè mí.