Ìrìnàjò wa sí Fort Concho: ilé ọ̀gá sójà tí ẹṣin ti ta nípàá rí

Láti Dallas lọ sí San Angelo ní Texas, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni igi ń tán nílẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń ráhùn oòrùn kí a tó dé. Àárín ìlú gan-an ni Fort Concho, ibùdó ológun àtijọ́, wà: àwọn ilé olókùúta ẹfun tó yí pápá gbalasa kan ká, báráàkì sójà ní àríwá, ilé àwọn ọ̀gá ní gúúsù. Ọdún 1867 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ní 1889 ni àwọn sójà kó kúrò.

Tìtorí Benjamin Grierson, ọ̀gá sójà tó gbé ibẹ̀ rí, ni mo ṣe wá. Ọmọdé ni nígbà tí ẹṣin ta á nípàá lójú, díẹ̀ ló kù kó gbabẹ̀ lọ. Tíṣà orin ló dà. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín Àríwá àti Gúúsù, wáyé, àárín àwọn ẹlẹ́ṣin náà ni wọ́n fi í sí! Ní 1863, ó kó 1,700 ẹlẹ́ṣin gba àárín ilẹ̀ ọ̀tá, àwọn ará Gúúsù, kọjá, láti Tennessee dé Baton Rouge, nǹkan bíi 600 máìlì láàárín ọjọ́ 16.

Ní 1866 ó di kọ́nẹ́ẹ̀lì Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin Kẹwàá. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo sójà rẹ̀, dọ́là 13 sì ni owó oṣù kúrúùtù. Ní Fort Leavenworth, ibùdó ológun tí wọ́n ti kọ́kọ́ wà, ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n ní kí wọ́n pàgọ́ sí. Grierson ò gbà, ó fà á pẹ̀lú ọ̀gá ibẹ̀.

Ní Fort Concho, wọ́n fi fèrèsé òkè hàn wá níwájú ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ni taifọ́ọ̀dù ti pa Edith ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 13, ní 1878. Àwọn ará ìlú ní ọmọ náà ṣì ń ṣeré nínú yàrá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró gbọ́ ìyókù, ó ti kọjá sọ́dọ̀ ọkọ̀.

Ní 1880, nígbà tí Victorio, olórí ogun àwọn Apache, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ti Mexico wọlé, Grierson ò sáré lé e kiri aṣálẹ̀. Ó fi sójà ṣọ́ àwọn orísun omi, kí Victorio má baà rí omi mu. Ó gbọ́n lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ baba wọn ni àwọn Apache ń jà fún. Ní Tinaja de las Palmas, òun fúnra rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ Robert wà nídìí omi náà pẹ̀lú sójà díẹ̀, títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Victorio padà sí Mexico.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọdún 24 ló fi wà ní ipò kọ́nẹ́ẹ̀lì kan náà. Oṣù Kẹrin 1890 ni wọ́n tó sọ ọ́ di bùrìgédíà jẹ́nẹ́rà, ó sì fẹ̀yìntì ní oṣù Keje. Kò lọ sí West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, òótọ́ ni, àmọ́ mo gbà pé àwọ̀ àwọn sójà rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Fort Davis, ibùdó ológun àtijọ́ mìíràn ní Texas, la tún forí lé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́jọ́ Henry Flipper, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jáde ní West Point, ní 1881. Grierson kọ lẹ́tà gbè é, síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ ológun.