Ọkọ̀ àtijọ́ tó ti dúró fún ọdún púpọ̀: ẹ má tíì sọ gíà ọtòmátíìkì rẹ̀ kalẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ títún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kọ́ mi ni pé gíà ọtòmátíìkì tó kọ̀ láti wọ D (gíà ìrìn síwájú) lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jí ọkọ̀ lójú oorun kì í sábà jẹ́ gíà tó ti bàjẹ́. Ebi ọ́ìlì ló ń pa á. Ẹni tó bá wá ń tẹ tọ́róòtù kí ọkọ̀ lè gbéra ní tipátipá ló máa bà á jẹ́. Agbára ọ́ìlì ló ń di àwọn pẹlẹbẹ kílọ́ọ̀ṣì inú gíà mú. Bí kò bá tó, wọn á máa yọ̀ lórí ara wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó láti jó wọn.

Tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, ọ́ìlì inú torque converter (ìkòkò ọ́ìlì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà) á rọra ṣàn padà sínú súmpù (abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ gíà). Ìdí nìyẹn tí gééjì (ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì) fi máa ń sọ pé ọ́ìlì pọ̀ jù kí ẹ tó dáná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má tìtorí ìyẹn fa ọ́ìlì kankan jáde. Súmpù tó kún bẹ́ẹ̀ tún lè gbé ọ́ìlì dé ibi síìlì ọ̀pá tí ọwọ́ gíà ń yí, kí ó sì máa jò lábẹ́ ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Torí náà, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo gééjì.

Ẹ wá fa gééjì yọ, kí ẹ nù ún sára bébà funfun. Bí ọ́ìlì bá pupa tó sì mọ́ gaara, ó dáa. Bó bá ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì ti jó kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà pamọ́. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni ọ́ìlì tó dà bíi mílíìkì tí wọ́n ta pupa díẹ̀ sí: omi ti wọ inú rẹ̀, láti ara rẹ́díétọ̀ tó ń tu ọ́ìlì gíà tàbí láti ẹnu páìpù gééjì. Omi máa ń tú àtè tó lẹ awọ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ irin, ó sì ń mú kí irin dípẹtà. Ẹ má dáná sí irú gíà yìí rárá, òun ló gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀.

Bí omi ò bá sí níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, fíltà àti gásíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dáná. Nínú ọ̀pọ̀ gíà, lítà 3 sí 5 ló máa ń jáde nínú súmpù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, ti converter á ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ gbé abọ́ ńlá síbẹ̀. Ẹ wọn ohun tó jáde. Ẹ̀tù eérú múlọ́múlọ́ tó bá lẹ̀ mọ́ òòfà inú súmpù kò burú. Èérún irin tó ń dán, tàbí awọ dúdú tó ń ré kúrò, ló burú. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù sí gásíkẹ́ẹ̀tì, nítorí èyí tó bá já sínú máa ń dí ojú ihò tín-ín-rín ọ̀nà ọ́ìlì. Bóòtù súmpù kò fẹ́ agbára púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi gbogbo agbára dè é, etí súmpù lẹ ń tẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa jò.

Irú ọ́ìlì ṣe pàtàkì. Àwọn gíà Ford àtijọ́ kan ń fẹ́ Type F, àwọn ti General Motors ń fẹ́ Dexron. Ìyọ̀ wọn kò rí bákan náà, ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dáná, ẹ fi òkúta di táyà, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. TorqueFlite, gíà ọtòmátíìkì ti Chrysler àtijọ́, kì í fún converter ní ọ́ìlì nínú P (ipò ìgbọ́kọ̀sílẹ̀), ẹ dáná sí i nínú N (ipò tí kò sí nínú gíà kankan). Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5, láìtẹ tọ́róòtù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ gíà lọ sí R (gíà ẹ̀yìn), N àti D, kí ẹ dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo gééjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ó ti gbóná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ìdajì lítà péré ló sábà máa ń wà láàárín àmì méjèèjì, nítorí náà ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó le ni mímọ ìdí tí gíà fi ń pẹ́ kó tó wọlé. Bí gbogbo gíà bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà ìdáná àkọ́kọ́, converter ló ń kún. Bó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń pẹ́ ní gbogbo àárọ̀ tí ara rẹ̀ sì ń yá nígbà tó bá gbóná, síìlì rọ́bà písítínì kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti gan. Oògùn inú ike lè rọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ka ìyẹn sí àtúnṣe. Bí ọkọ̀ bá dúró sí gíà kìíní tí kò kúrò níbẹ̀, ẹ yẹ governor (ẹ̀yà tó ń fi ìyára ọkọ̀ mọ ìgbà tí gíà máa yí) wò kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ọ́ìlì tó ti gbẹ bí oje igi ló máa ń mú un. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáàfù inú valve body (àpótí tí ọ̀nà ọ́ìlì tó ń darí gíà wà): ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi sáńpépà kàn án. Fáàfù tó mọ́ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ẹ sì ya fọ́tò ibi tí àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké wà kí wọ́n tó já bọ́.

Nínú gíà C4 (ti Ford) tàbí TH350 (ti General Motors), ẹ yọ hóòsì vacuum modulator (ẹ̀yà tó ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà darí agbára ọ́ìlì gíà). Bí ọ́ìlì pupa bá wà nínú rẹ̀, awọ inú modulator ti ya, ẹ́ńjìnnì ló ń fa ọ́ìlì gíà mu, èéfín funfun sì ni ẹ máa rí lẹ́yìn ọkọ̀. Bí hóòsì yẹn bá sán, gíà á máa pẹ́ kó tó yí, á sì máa gbá ọkọ̀. Fún báǹdì C4 (ìgbànú irin tó ń di ìlù inú gíà mú), ẹ de sukuru méjèèjì dé 13.5 N·m (ìwọ̀n agbára ìdè), kí ẹ tú ti iwájú padà ní ìyípo 1¾ àti ti ẹ̀yìn ní ìyípo 3, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tuntun. Nínú 700R4 (ti General Motors), ẹ má wa ọkọ̀ rárá bí wáyà TV (èyí tó so tọ́róòtù mọ́ gíà) bá ti há tàbí tí wọn ò tò ó dáadáa: agbára ọ́ìlì á relẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á sì jó láìpẹ́.

Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan, ẹ tún súmpù sọ̀kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọ́ìlì tuntun á ti fọ ìdọ̀tí púpọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ hóòsì rọ́bà tó lọ sí rẹ́díétọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bó bá sì di dandan kí wọ́n fa ọkọ̀ náà, ẹ gbé táyà tí gíà ń yí kúrò nílẹ̀, nítorí páńpù ọ́ìlì ọ̀pọ̀ gíà kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ò bá yí.